Ibi Tí Kò Léwu

Láràárọ̀, kí Fọláyẹmí tó gba ọjà Mile 12 lọ, oórì ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń yà sí. Kò jìnnà sí i. Bó bá ti ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, oórì náà ló wà níwájú rẹ̀ yẹn, lápá ọ̀tún géètì, táìlì aláwọ̀ sánmà ni wọ́n fi bò ó, igi ewúro kan sì dúró níhà orí rẹ̀. Yóò jókòó sétí táìlì náà bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn, yóò fi ìka kàn án kó-kó-kó, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Àlùbọ́sà tún ti wọ́n sí i. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Sókótó ti bàjẹ́ sójú ọ̀nà, ìdajì ẹrù ló ti jẹrà. Ọmọ tí Levi ọmọ wọn bí ti yọ eyín iwájú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú sórí òrùlé. Gbogbo rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ni, bí ẹni ń bá ẹni tó fẹ́ sùn sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe pé ojú ń tì í o. Ọgbọ̀n ọdún ó lé tóun àti Gbénró fi jọ gbé, kò sí aládùúgbò kan ní Ìkòsí tó lè sọ pé òun gbọ́ ohùn Fọláyẹmí lórí ọkọ rẹ̀ rí. Ohun tó fi ń yangàn láàrin àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya tí ìta bá ti gbọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ ìta. Nígbà tí ikú wá mú ọkọ lọ, kò rí ìdí tó fi yẹ kóun wá máa pariwo mọ́ ọn nísinsìnyí. Àwọn tó ń kọjá lẹ́yìn géètì á rí ìyá kan tó tẹ̀ba tó ń mi ètè, wọ́n á rò pé àdúrà ló ń gbà.

Káfíntà ni Gbénró láyé, Òdogbolú ló ti wá, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní Kétu fún ọdún gbọọrọ. Àwọn méjèèjì ló jọ ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀hún dojú kọ ojú ọ̀nà kan tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú, tí koríko kún, tẹ́nikẹ́ni kò kọ́lé sí, tí àwọn òpó kúkúrú aláwọ̀ ìyeyè tò lọ láàrin rẹ̀. Páìpù ńlá kan ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, tó ń gbé gáàsì lọ sáwọn iléeṣẹ́. Gbénró béèrè bóyá kò léwu. Ọmọ onílẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní páìpù tó wà lábẹ́ ilẹ̀, kí ló kàn án pẹ̀lú ẹni tó wà lórí ilẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ Èkó náà kọ́ nìyẹn? Bí ẹ bá fún un láyè, á ta òjìji ilé yín fún yín, á tún gbowó ìpìlẹ̀ lórí ẹ̀.

Kí a má parọ́ mọ́ òkú, Gbénró kọ́lé rẹ̀ síbi tí ilẹ̀ rẹ̀ dé. Àmọ́ nígbà tó yá, aládùúgbò ọ̀tún na ògiri ọgbà rẹ̀ wọ orí ìgbànú koríko yẹn, ti òsì náà nà á, àwọn tó wà níwájú fi ṣọ́ọ̀bù sí i, kò sì sí ẹni tó bá wọn wí. Òun náà bá fa ògiri tirẹ̀ síwájú. Ohun tí gbogbo àdúgbò bá ń ṣe kì í jọ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òpó ìyeyè kan ṣe bọ́ sínú ọgbà wọn, tí Fọláyẹmí sì ń so okùn tó ń sá aṣọ sí mọ́ ọn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa Gbénró. Àwọn ẹbí wá láti Òdogbolú, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé òkú àwọn lọ sílé. Fọláyẹmí, tí kì í gbóhùn sókè, dúró lójú wọn. Ó ní Gbénró fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ilé tí òun fọwọ́ ara òun kọ́ ni kí wọ́n sin òun sí, pé òun ò ṣiṣẹ́ bí ẹrú ní Èkó láti wá lọ di àlejò sẹ́yìn ilé bàbá òun. Àwọn àgbà wo ara wọn, wọ́n gbà. Ta ló fẹ́ bá òkú jiyàn?

Ẹ̀yìnkùlé ti kún fún ṣálángá àti kànga, ojúde ló kù. Àwọn tó ń gbẹ́ oórì ti lọ jìnnà nísàlẹ̀ kí ṣọ́bìrì ọ̀kan tó dún gbàn-ìn. Kí ó tó dún, wọ́n ti kọ́kọ́ já rọ́bà pẹlẹbẹ aláwọ̀ ìyeyè kan tí wọ́n kọ nǹkan sí, wọn ò kà á sí. Ọkùnrin náà fò jáde nínú kòtò, ó ní òun ò ṣe mọ́. Fọláyẹmí sún mọ́ ọn, ó wo ìsàlẹ̀. Ó rí ẹ̀gbẹ́ irin ńlá kan, ó sì rí ibi tí ṣọ́bìrì ti bó awọ dúdú kúrò lára rẹ̀, bí orúnkún ọmọdé tó ṣubú. Ọkọ rẹ̀ wà nínú pósí nínú pálọ̀, àlejò ti kún ìta, ìjọ ti ń kọrin. Ó ní kí wọ́n sún oórì náà wá síhà ilé díẹ̀. Wọ́n sún un, àmọ́ ilé náà wà lọ́hùn-ún, wọn ò rí àyè sún un púpọ̀. Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bo irin náà, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Òun ló rò pé ó tán.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí Gbénró ti wà níbẹ̀ nígbà táwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ni páìpù dé. Iná gáàsì kan ló ti jó àwọn èèyàn níbòmíì, ìyẹn ló mú wọn rántí Ìkòsí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Junaid ló ṣáájú wọn, ọmọlúwàbí ni, akoto funfun wà lórí rẹ̀, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kó tó fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé wọn pé wọ́n máa wó o. Ó ní òfin ti sọ iye ìgbésẹ̀ tó gbọ́dọ̀ wà láàrin páìpù àti ibi tí èèyàn ń sùn. Ó ki okùn ìwọ̀n mọ́lẹ̀ lẹ́bàá òpó tí Fọláyẹmí ń sá aṣọ sí, ó fà á gba ojú àtẹ̀gùn, ó fà á gba pálọ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná. Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ni okùn náà parí sí. Junaid dúró síbẹ̀, ó ní láti ibẹ̀ yẹn lọ sẹ́yìn kò léwu, láti ibẹ̀ bọ̀ síwájú, ewu ni.

Fọláyẹmí rẹ́rìn-ín. Ó béèrè pé ṣé ilé ìdáná lòun á wá máa sùn ni, kóun máa fi ìkòkò ọbẹ̀ rọrí. Junaid kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún un pé bí páìpù bẹ́ẹ̀ bá bẹ́, iná rẹ̀ kì í dúró béèrè ta ló ni ògiri. Ó ní gbogbo ilé tó wà lórí ìlà náà ni wọ́n máa wó, pé kí wọ́n tètè máa wá ibòmíì. Lẹ́yìn náà ló padà sí ojúde, ó dúró létí oórì, ó sì ṣí akoto kúrò lórí.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ibí yìí, ṣé wọn ò kan nǹkan kan nísàlẹ̀? Irin, àbí rọ́bà?"

"Iyanrìn ni wọ́n kàn," ni Fọláyẹmí wí. "Iyanrìn lásán."

Kò ronú kó tó sọ ọ́. Ohun tó rí lójú ọkàn rẹ̀ ni àwọn ọkùnrin alákoto tí wọ́n yí oórì ká, tí wọ́n ń hú ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń hú iṣu, tí pósí tó ti jẹrà ń já lé wọn lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé. Ó tún un sọ pé iyanrìn ni. Junaid gbà á gbọ́, nítorí ta ni yóò bá ìyá àgbà jiyàn lórí oórì ọkọ rẹ̀? Ó ní wọn yóò gbé ẹ̀rọ kan wá tó máa ń fínmú gáàsì lójú ilẹ̀, pé kó tó dìgbà náà, bí wọ́n bá gbọ́ òórùn àjèjì kankan, kí wọ́n pe òun. Ó fún un ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò dé. Iléeṣẹ́ ńlá, bí wọ́n bá ní ọ̀la làwọn ń bọ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn yín kẹ́ ẹ lọ sùn.

Levi ni ọmọ kan ṣoṣo tó yè fún Fọláyẹmí nínú mẹ́ta tó bí. Iléeṣẹ́ adójútòfò ló ń bá ṣiṣẹ́, Magodo lòun àti Judith ìyàwó rẹ̀ ń gbé, nínú ẹ́síteètì tí wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ àlejò lẹ́nu géètì pé ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ. Wọ́n ti tọ́jú yàrá kan fún màmá láti ìgbà tí Gbénró ti kú. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà pupa, ó wá lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìyá náà dá a lóhùn pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, pé bí páìpù wọn bá ń ṣàìsàn, kí wọ́n lọ tọ́jú páìpù. Ó wá fi ẹnu tọ́ka sí oórì, ó ní ta ni Levi fẹ́ kóun fi ìyẹn sílẹ̀ fún.

Levi gbá ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Daddy ti sinmi, Mummy," ló wí. "Kò sí nǹkan tó tún lè ṣe Daddy mọ́. Ẹ̀yin nìkan ló kù fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣẹ́ ẹ lápá. Kì í ṣe òfin, kì í ṣe ọ̀dà pupa. Ó gbà pé òun á lọ, ó ní kí Levi fún òun ní ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kóun palẹ̀ mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó sétí táìlì, ó sì jẹ́ ìròyìn náà fún ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Levi, ẹ má bínú. Ọmọ yín ló ní kí n máa bọ̀."

Àárín òjò ni. Ìgbà tí ohun gbogbo ní Ìkòsí máa ń tutù yọ̀yọ̀ ni, tí èéhù ń hù lára ògiri, tí koríko ń yọ láàrin búlọ́ọ̀kù. Àsìkò náà ni ewúro orí oórì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Gbénró ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín nígbà ayé rẹ̀. Ewúro kì í ṣe igi àkẹ́jù, bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́ tán lónìí, á tún rúwé lọ́la. Ọdún tí kò sí òjò pàápàá, èyí ò kú. Àmọ́ ní báyìí, ewé rẹ̀ pọ́n, ó rọ, ó wọ́, ẹ̀ka rẹ̀ di igi ìdáná. Koríko tó yí táìlì ká náà gbẹ, àfi bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí i. Níbi ìgbànú koríko lọ́hùn-ún, ohun gbogbo ṣì tutù.

Fọláyẹmí bomi rin ín. Ó kó iyẹ̀pẹ̀ tuntun sí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó rí i tí omi tó dá sí ìhà ẹsẹ̀ oórì, níbi tí táìlì kan ti sán, ń hó. Ó ń yọ kókó kéékèèké, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, bí omi ẹ̀kọ tó fẹ́ hó, iná ò sì sí lábẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé imú sún mọ́ ọn. Ó rántí ohun tí Junaid sọ, pé bí wọ́n bá gbọ́ òórùn. Kò gbọ́ òórùn kankan àyàfi ti ilẹ̀ tútù. Kò rùn, nítorí náà kì í ṣe gáàsì. Bí kì í bá sì í ṣe gáàsì, a jẹ́ pé Gbénró ni. Ọkọ òun ń bínú pé òun fẹ́ fi í sílẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, èémí rẹ̀ ló ń gòkè wá. Ó sunkún lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran, ṣùgbọ́n omijé obìnrin yìí pọ̀ ju ìran lọ.

Ṣàràfá, ayálégbé tó kẹ́yìn tó kù nínú ilé, rí omi náà bó ti ń kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ó ní kí Mummy pe àwọn onígáàsì, pé òun ò fẹ́ràn omi tó ń hó láìsí iná. Fọláyẹmí ní òun á pè wọ́n. Nígbà tí Ṣàràfá lọ tán, ó mú fóònù, ó wá nọ́ńbà Junaid jáde, ó wò ó títí. Bí wọ́n bá wá, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á rí ibi tí ṣọ́bìrì bó, wọ́n á mọ̀ pé irọ́ lòun pa, wọ́n á sì hú ọkọ òun síta kí wọ́n tó lè dé ìdí rẹ̀. Ó wé fóònù padà sétí ìró rẹ̀.

Alágbà Reuben ló lọ bá. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, Alágbà yìí ló sì gbàdúrà sí pósí Gbénró lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ewúro, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ omi, ó mirí. Ó ní kò burú, pé òkú tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ kò lè ṣàì bínú ìpínyà. Ó ní kí wọ́n wá gbàdúrà ìdágbére lórí oórì náà, kí wọ́n tan àbẹ́là yí i ká, kí Fọláyẹmí sì tọrọ àyè, lẹ́yìn náà kó gbé ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, kó má wẹ̀yìn. Ọkàn Fọláyẹmí balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n fi í sí òwúrọ̀ Sátidé.

Ó pe Levi, ó ní kó gbé ọkọ̀ akẹ́rù bọ̀ lọ́jọ́ náà. Inú ọmọ náà dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ìyá sọ fún un pé àwọn fẹ́ gbàdúrà díẹ̀ kí àwọn tó lọ, ọmọ ní kò burú, pé kí wọ́n ṣáà má dá iná kankan sí ìta, nítorí àwọn oníléeṣẹ́ ní sìgá pàápàá léwu níbẹ̀. Fọláyẹmí béèrè pé ta ló ń mu sìgá nínú wọn. Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un, ká má bà á lórúkọ jẹ́. Lójú tirẹ̀, iná ni èyí tí à ń fi se ọbẹ̀, tí à ń fi sun pàǹtí. Àbẹ́là àdúrà, ìmọ́lẹ̀ ni.

Ọjọ́ Sátidé náà mọ́ wẹ́wẹ́. Afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́. Àpò ẹrù Fọláyẹmí tò sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ńlá wà lórí wọn, àti àga kékeré kan tí Gbénró fi igi àfàrà ṣe fún un nígbà tó lóyún Levi. Alágbà Reuben àti àwọn obìnrin bíi mélòó kan wà ní ìhà orí oórì, wọ́n bọ́ bàtà, aṣọ funfun wọn ń tàn nínú oòrùn. Wọ́n ti tan àbẹ́là lọ́hùn-ún, wọ́n ti dá orin. Fọláyẹmí mú àbẹ́là tirẹ̀, ó tàn án lára ti Alágbà, ó sì ń rìn lọ sí ìhà ẹsẹ̀, níbi tí táìlì ti sán, nítorí ibẹ̀ ni omi ti hó. Ibẹ̀ ló fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ òun.

Levi wọlé ní géètì. Ó rí iná. Kò pariwo. Ó fi ẹsẹ̀ ńlá mélòó kan dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ bó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gba àbẹ́là náà, ó sì fi ọwọ́ kejì tì í síhà ilé.

"Mummy, ẹ sún sẹ́yìn."

Ó gbé àbẹ́là sẹ́nu láti fẹ́ ẹ pa. Ilẹ̀ wúkọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí létí Fọláyẹmí, bí ìgbà tí àgbàlagbà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Táìlì gbéra nílẹ̀, ohun kan gbé òun náà, ó sì sọ ọ́ lu àpò ẹrù rẹ̀. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, iná ti dúró lórí oórì, ó ga ju ògiri ọgbà lọ, ó sì ń bú bí ẹ̀rọ ńlá. Kò rí Levi. Lẹ́yìn náà ló rí i.

Ẹsẹ̀ jó Alágbà Reuben, ọwọ́ jó àwọn obìnrin kan, wọ́n sá jáde, kò sí ẹni tó kú nínú wọn. Àwọn panápaná kò lè pa á, àfi ìgbà tí wọ́n ti gáàsì pa láti ibi tó ti ń bọ̀. Ojú ilé ti dúdú látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná, láti ẹ̀gbẹ́ sítóòfù lọ sẹ́yìn, àwo kan ò jábọ́ níbẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Levi fi wà ní ọsibítù. Ìyá rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù mìíràn pẹ̀lú apá tó jó, wọ́n ń sọ fún un pé Levi ń gbádùn, pé ó béèrè rẹ̀. Alágbà Reuben ló wá jẹ́ ìròyìn àgbọ́sọgbánù náà, ó ń tiro, báńdéèjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kò tíì lanu tí Fọláyẹmí ti mọ̀. Òkú ọ̀fọ̀ ni, wọn kì í fi falẹ̀. Judith àti àwọn èèyàn rẹ̀ ni wọ́n sin ín. Òbí kì í dé ìdí oórì ọmọ, gbogbo Yorùbá ló mọ ìyẹn, nítorí náà àwọn obìnrin ìjọ yí ìyá ká nínú yàrá lọ́jọ́ náà, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sí ẹni tó sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún un, òun náà ò sì béèrè.

Nígbà tó yá, Junaid wá kí i ní Magodo. Ó dọ̀bálẹ̀, ó pẹ́ kó tó dìde. Ó ní wọ́n ti tún páìpù náà ṣe, pé ìpẹtà ló jẹ ẹ́ níbi tí ohun kan ti bó awọ rẹ̀ nígbà kan rí, pé gáàsì ń jò díẹ̀díẹ̀ wọ abẹ́ táìlì, ilẹ̀ ń fa òórùn rẹ̀ mu, ó ń kóra jọ síbẹ̀. Ó ní ó yẹ káwọn ti gbé ẹ̀rọ wá tipẹ́, kò sì wò ó lójú.

"Ṣọ́bìrì ni," ni Fọláyẹmí wí. "Mo rí i lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún ọ pé iyanrìn ni, kẹ́ ẹ má bàa hú bàbá jáde."

Ohùn Junaid lọ sílẹ̀ púpọ̀. "Mummy, a ò ní hú wọn. Ẹ̀gbẹ́ la máa gbà dé ìdí ẹ̀. Ibẹ̀ náà la gbà báyìí. Daddy ṣì wà níbi tẹ́ ẹ sin wọ́n sí, a ò fọwọ́ kan wọ́n."

Fọláyẹmí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n wó gbogbo ilé tó wà lórí ìlà náà, wọ́n fi wáyà yí ibẹ̀ ká, wọ́n sì ri òpó ìyeyè tuntun mọ́lẹ̀. Nígbà tí apá rẹ̀ san, Fọláyẹmí ní òun fẹ́ lọ kí ọkọ òun. Judith fi ọkọ̀ gbé e lọ. Judith kì í bú u, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i mọ́. Junaid ti ń dúró dè wọ́n. Ó mú ìyá náà lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ wáyà, níbi tí ilé ìdáná rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ níbẹ̀.

"Ibí yìí kò léwu, Mummy. Ẹ dúró síbí."

Ó dúró síbẹ̀. Lọ́hùn-ún, láàrin koríko, ó rí ibi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, kò sí táìlì lórí rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà tó wà láàrin wọn kò ju gígùn ilé kan lọ, ilé tí wọ́n jọ sùn sí. Kẹ̀kẹ́ márúwá ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ń ké, àwọn ọmọ iléèwé dúró ń wò ó. Ìròyìn pọ̀ nínú rẹ̀, ìròyìn oṣù mélòó kan. Oórì méjì ló kù fún un láyé, àṣà ni kò jẹ́ kó mọ ọ̀kan, òfin ni kò jẹ́ kó dé èkejì. Ó la ẹnu, ó kí ọkọ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bó ṣe máa ń kí i, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò kọjá wáyà. Àfi kó kígbe. Kò kígbe mọ́ ọkọ rẹ̀ rí, èyí tó fẹ́ sọ yìí kì í sì í ṣe ohun tí obìnrin ń kígbe rẹ̀ lójú títì.

Ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀. Á dúró níbi tí wọ́n ní kó dúró, á mi ètè díẹ̀, á padà sílé. Títí di òní, Gbénró kò tíì gbọ́ pé Levi ti kú.